Ẹ Béèrè Ojú Ọjọ́ Kí Ẹ Tó San Owó Ọkọ̀

Lọ́dọọdún, bí Kérésìmesì bá ti ń kanlẹ̀kùn, tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti ń wọlé, ọkọ̀ máa ń tò lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Omi Olúmirìn ni wọ́n ń lọ wò, omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní ìpele méje. Wọn kì í pẹ́ débẹ̀ kí ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé: "Ṣé èyí náà ni wọ́n ń pariwo?" Omi náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Oṣù Kejìlá ni wọ́n wá bá a, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì ti ń fa ilẹ̀ gbẹ. Ẹni tó bá wá láàárín ìparí oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá ló máa gbọ́ híhó rẹ̀ kó tó fojú kàn án, tí omi á ti máa ta sí i lára kó tó sún mọ́ ọn.

Púpọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ìwé ìsinmi ibi iṣẹ́ tàbí káàdì ìgbéyàwó ló ń bá wa mú ọjọ́ ìrìn àjò. Ọjọ́ á ti wà nílẹ̀ tán kí a tó rántí béèrè bóyá òjò máa rọ̀. Ìbéèrè yẹn kò burú, àmọ́ méjì mìíràn ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Kí ló ń bọ́ ibi tí mo fẹ́ lọ wò, ìgbà wo ló sì máa ń yó? Níbo ni ojú ọjọ́ tó máa pàdé mi lọ́nà ti ń bọ̀? Ìkejì yìí ni àwọn èèyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ba ìrìn àjò jẹ́ nílẹ̀ wa kì í sábà wá láti ojú ọ̀run tó wà lókè orí ẹni.

Afẹ́fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Méjì ló ń bára wọn jìjàkadì lórí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọ̀kan ń fẹ́ láti orí òkun Àtìláńtíìkì, ó ń ru omi bọ̀; èkejì ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ó gbẹ, eruku ló sì ń gbé wá. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé kì í dúró sójú kan, oòrùn ló ń tọ̀ lẹ́yìn. Ní oṣù Kìíní, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ á ti ti èkejì títí dé ìtòsí etí òkun. Tó bá fi máa di oṣù Kẹjọ, afẹ́fẹ́ òkun á ti tì í padà kọjá Kánò àti Kàtsínà. Ẹni tó bá mọ ibi tí ìjàkadì náà dé ti mọ ìdajì ẹrù tó yẹ kó dì. Òun ló fà á tí ẹni tó gbéra ní Èkó lọ sí Kánò nínú oṣù Kẹjọ fi lè kúrò níbi tí òjò ti ń sinmi, kó lọ bọ́ sínú oṣù tí òjò Kánò pọ̀ jù láàárín ọdún.

Ní ìhà tiwa, àkọ́rọ̀ òjò máa ń wọlé láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, tòun ti ìjì àti àrá. Oṣù Kẹfà ni òjò sábà máa ń pọ̀ jù ní Èkó. Láti ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹjọ, á dá díẹ̀, ìyẹn ni gbogbo ayé ń pè ní August break. Àrọ̀kúrò á wá tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, òjò á ti palẹ̀ mọ́, ọyẹ́ á sì máa múra àtiwọlé. Bí ẹ bá ṣe ń lọ sókè tó, sí ìhà Ṣakí, Kíṣí àti Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ ni òjò ń pẹ́ dé, tó sì ń tètè lọ. Ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Èkó, níbi tí atẹ́gùn òkun ti lè lé e lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

August break yìí ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ohun tó dára nínú rẹ̀ pọ̀: ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, ara ilẹ̀ tutù, oòrùn kò mú, ẹrẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́nà. Bí wọ́n bá ní kí n mú oṣù kan ṣoṣo fún ìrìn àjò tí màmá àgbà àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jọ máa lọ, oṣù Kẹjọ ni màá mú. Ṣùgbọ́n òjò kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa ya bo Ìbàdàn. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ni òjò wákàtí díẹ̀ tún gbé afárá lọ nínú ìlú kan náà, tí èèyàn tó lé ní 100 sì bá a rìn. Ẹ wo ọjọ́ méjèèjì dáadáa. Oṣù tí a ní òjò ń sinmi ni, ìparí rẹ̀ gan-an, nígbà tí àrọ̀kúrò bá pinnu láti tètè dé. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ àǹfààní August break, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni kó dì mú. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ bóyá.

Òkun tiẹ̀ ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ìgbì ya bo etí òkun Kúrámọ̀ ní Èkó, ó sì gbé àwọn èèyàn lọ. Òjò Èkó kọ́ ló bí i. Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, ìjì tó ń jà ní ìsàlẹ̀ pátápátá òkun Àtìláńtíìkì, níbi tó ti jẹ́ ìgbà òtútù fún wọn, ló ń rán ìgbì ńláńlá sí etíkun wa. Ìgbì náà á rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kó tó fọ́ sí Tarkwa Bay ní Èkó. Ìyẹn ni ojú ọ̀run fi lè mọ́ gaara lórí yín kí omi sì máa ru. Bí àwọn ọmọ bá ń yọ yín lẹ́nu pé àwọn fẹ́ lọ sí bíìṣì, ẹ jẹ́ kó di oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, kí ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n kọjá ibi tí omi ti ń kan kókósẹ̀. Mi ò tíì rí ìgbà tí mo fọkàn tán òkun Èkó.

Ọ̀nà Àbújá náà fi irú rẹ̀ hàn wá ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Omi bo títì nítòsí Lọ́kọ́ja, ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì èrò tò lọ bẹẹrẹ, àwọn èrò ń sùn sínú ọkọ̀. Ẹni tó gbójú sókè ní Lọ́kọ́ja lásìkò yẹn láti wo òjò, ibi tí kò yẹ ló ń wò. Ibẹ̀ ni odò Ọya ti pàdé Bẹ́núè. Òjò tó ti ń rọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn lápá òkè, àti omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti dáàmù Lagdo ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń rọ́ gbà. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ gba Lọ́kọ́ja kọjá ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, odò ni kó béèrè, kó fi òjò sílẹ̀. Àwọn dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà náà máa ń mọ̀ kí ìròyìn tó gbé e. Ẹ ya gáréèjì ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọyẹ́ náà, àlejò ọ̀nà jíjìn ni. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ń wá láti ibi kan tó ń jẹ́ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Adágún omi ńlá ló wà níbẹ̀ nígbà láéláé. Omi náà ti gbẹ, ilẹ̀ rẹ̀ ti di ẹ̀tù, afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín àwọn òkè tó yí i ká kọjá ló sì ń gbọ́n ọn ká. Eruku yìí á rin ọjọ́ mélòó kan kó tó dé òkè ilé wa, tó bá sì dé tán, awakọ̀ òfuurufú kò ní rí ojú ibi tó máa balẹ̀ sí. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ọ̀pọ̀ bàálù tó ń ti òkè òkun bọ̀ ní Èkó ló jẹ́ pé Accra ni wọ́n lọ balẹ̀ sí. Èèyàn ti pe ẹbí pé kí wọ́n wá pàdé òun ní Ìkẹjà, ó wá bá ara rẹ̀ ní Gánà, ó ń wá bó ṣe máa délé. Ti abẹ́lé tilẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Èkó, òwúrọ̀ ló sábà máa ń nira jù, nígbà tí kùrukùru bá dà pọ̀ mọ́ eruku. Àwọn ọkọ̀ á jókòó sílẹ̀ títí oòrùn á fi là, ìdádúró ti òwúrọ̀ á wá ti ti ọ̀sán àti ti alẹ́ síwájú, àwọn kan á sì di wíwọ́gi lé. Tí ìgbéyàwó bá máa wáyé ní Àbújá ní ọjọ́ Sátidé nínú oṣù Kìíní, Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ fò. Owó hòtẹ́ẹ̀lì òru méjì sàn ju kí ìyá ìyàwó jókòó sí pápákọ̀ òfuurufú pẹ̀lú gèlè lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ má bá mi sọ pé ọyẹ́ kò dára fún ìrìn àjò. Ó ní ibi tó dùn mọ́ jù. Ìkógòsí ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn, ẹ lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, nígbà tí ètè ń gbẹ, tí ìka ọwọ́ ń ro, kí ẹ wá ti ẹsẹ̀ bọ inú omi tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi yẹn kò dúró de òjò kó tó gbóná, inú ilẹ̀ ló ti ń gbé ooru rẹ̀ bọ̀. Ní oṣù Kẹta, tí ooru bá mú, ta ló fẹ́ wẹ omi gbígbóná? Ọgbà ẹranko Yankari ní Bauchi náà, ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà rẹ̀. Lásìkò òjò, koríko á ga, omi á wà káàkiri inú igbó, kò sì sí ohun tó máa mú erin jáde síta gbangba. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, odò Gaji ni gbogbo wọn á máa wá mu, ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti rí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ sí Jos ní oṣù Kejìlá, ẹ mú súwẹ́tà tó nípọn. Ìlú náà wà lórí ilẹ̀ gíga tó tó nǹkan bí 1,200 mítà sí ìpele òkun, òtútù òru rẹ̀ kì í ṣe èyí tí aṣọ ìbora kan ṣoṣo ń bò. Òrí kò gbọ́dọ̀ wọ́n nínú báàgì, ti ètè, ti gìgísẹ̀, àti ti imú àwọn ọmọ kó má baà máa ṣẹ̀jẹ̀.

Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo fi ń dán ọgbọ́n ẹni tó ń ṣètò ìrìn àjò wò. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lẹ máa gùn kí ẹ tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn baba wọn gbé lórí òkè. Ẹni tó bá lọ nínú ọyẹ́ á gùn ún dáadáa, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i lára, ṣùgbọ́n tó bá dókè, eruku ni yóò máa wò. Ẹni tó bá lọ ní oṣù Keje, àpáta á yọ̀. Oṣù Kẹrin ló tún léwu jù, nítorí àrá àkọ́rọ̀ kò mọ eré, kò sì sí ibi tí èèyàn lè sá sí lórí àpáta gbalasa. Tó bá jẹ́ dandan ni kí ẹ lọ ní oṣù Kẹrin, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí ẹ sì ti sọ̀kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, torí ìrọ̀lẹ́ ni ìjì sábà máa ń mú. Oṣù Kọkànlá ni tèmi. Òjò ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀, ọyẹ́ kò tíì dé. Àsìkò náà kúrú, kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò sí ẹni tó ń gba ìsinmi sí i.

Òjò náà kò rí bákan náà nígbà gbogbo, ó sì yẹ kí ìyẹn yí ìwà wa lọ́nà padà. Ẹ wo gáréèjì kan ní oṣù Kẹrin, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ooru ti mú láti àárọ̀. Lójijì, ìhà ìlà-oòrùn á dúdú, atẹ́gùn tútù á fẹ́ wọlé, àwọn màmá tó ń tajà á máa fa tapólì, náílọ̀n omi píọ̀ á máa fò kiri, páànù á máa pariwo. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ á bọ́ sínú eruku pẹ̀lú òórùn ilẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Wákàtí kan, bóyá díẹ̀ sí i, ó ti tán. Irú òjò yìí, ẹ dúró dè é. Ẹ ra nǹkan jẹ, kí dírẹ́bà páàkì. Ẹni tó bá sáré wọ inú rẹ̀ nítorí kó lè tètè délé, kòtò tí àgbàrá ti bò ló máa fi táyà wá. Òjò oṣù Kẹfà ní tirẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí kó má dá títí di alẹ́. Ẹni tó bá ní kóun dúró dè é kò ní rin ìrìn àjò kankan. Ẹ yẹ wípà àti táyà wò, kí ẹ fi wákàtí méjì kún àkókò ìrìn, kí ẹ sì rọra máa lọ.

Ìjì àkọ́rọ̀ àti ti àrọ̀kúrò ní àṣà kan tó wúlò: láti ìlà-oòrùn ló ń bọ̀, ìwọ̀-oòrùn ló ń lọ. Èyí tó bá kọ́kọ́ lu Òṣogbo lè dé Ìbàdàn lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì. Bí ẹ bá ní èèyàn ní ìhà ibẹ̀, ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ tó gbéra, ohun tó bá rí lójú fèrèsé rẹ̀ wúlò ju àwòrán ìkùukùu tí fóònù máa ń gbé jáde. Fóònù á fi òjò hàn yín lójoojúmọ́ láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, kò sì ní parọ́, nítorí òjò á rọ̀ níbì kan lóòótọ́. Ó lè rọ̀ ní Ìkẹjà kí Ẹ̀pẹ́ gbẹ táútáú. Ti NiMet, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ nílẹ̀ wa, ló dára fún ẹni tó fẹ́ ṣètò tipẹ́tipẹ́. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n máa ń kéde ìgbà tí òjò máa wọlé ní agbègbè kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tó máa dáwọ́ dúró. Àwọn àgbẹ̀ ń gbọ́ ọ. Àwa tí à ń rìnrìn àjò la kì í fetí sí i.

Ọ̀rọ̀ ọdún ìbílẹ̀ àti ọdún ẹ̀sìn tún wà, tí èèyàn kò lè yí ọjọ́ wọn. Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, òṣùpá ló sì ń darí Iléyá, tó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé lọ́dọọdún. Ní ọdún 2006, ẹ̀ẹ̀mejì ni Iléyá bọ́ sí, ní oṣù Kìíní àti ní ìparí oṣù Kejìlá, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni méjèèjì. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ni Ojúde Ọba. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, àárín gbùngbùn òjò. Àwọn ìdílé Balógun tó ń gun ẹṣin, àwọn obìnrin tó di gèlè bíi ti ọba, gbogbo wọn ló ń fojú kan wo ọ̀run. Aṣọ òfì tó bá fa omi kì í yára gbẹ, ó sì wúwo lára. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn ọdún náà lábẹ́ ọyẹ́ bíi ti àwọn ará 2006 á ní láti mú sùúrù títí di nǹkan bí ọdún 2038.

Oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà ni ìdí tí mi ò fi ń bá òjò ṣọ̀tá. Oṣù Kẹfà sí oṣù Keje ni àgbàdo sísun ń gbóná lórí ẹ̀yinná lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ọ̀nà, tòun ti àgbọn. Ìgbín á jáde, olú á hù, iṣu tuntun á tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń wá àgbàdo tútù ní oṣù Kejì á rí i, ti àkùrọ̀ ni, owó rẹ̀ sì yàtọ̀. Àmọ́ òun ló máa rí agbálùmọ̀ jẹ, èyí tí àwọn tó ń dé láti òkè òkun ní oṣù Kejìlá máa ń fi owó púpọ̀ rà nítorí pé ó ti sú wọn láti máa fẹnu lásán sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí n padà sórí ọ̀rọ̀ ọdún ìbílẹ̀: ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, oṣù Kẹjọ ló sábà máa ń bọ́ sí. Igbó Ọ̀ṣun wà nínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 2005, àwọn àlejò sì ń wá láti Bràsíìlì àti Amẹ́ríkà. Bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀ ní ọjọ́ tí Arugbá ń ru igbá lọ sódò, ìbòòji igi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ igbó náà tètè gbẹ, ẹsẹ̀ èrò á sì ti pò ó di ẹrẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ lè wọ aṣọ funfun, ṣùgbọ́n kó má wọ́lẹ̀. Bàtà tó ṣeé fi omi ṣàn ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ fi fóònù sínú náílọ̀n, kí ẹ sì ti gba hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ tipẹ́, nítorí yàrá máa ń tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Èkó bọ̀, ẹ dé ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sùn síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún, kí ẹ sì gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì.